Orí Kẹsàn-án: Jíìpù Tó Ti Ogun Dé

Ní Èkó, ọkọ̀ yòówù tó bá ti ga nílẹ̀ díẹ̀, jíìpù ni. Tóyótà tí olóṣèlú ń gùn lọ sípàdé, jíìpù ni. Ọkọ̀ àwọn ará Kòríà tí ìyàwó pásítọ̀ ń wà lọ sọ́jà, jíìpù ni. Ẹni tó bá rà á, àdúgbò á ní, “Lágbájá ti ra jíìpù o,” ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú àwọn ará àdúgbò yẹn lọ wo jíìpù gan-an, èyí tí gbogbo àwọn yòókù jẹ orúkọ mọ́ lára, àfàìmọ̀ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan ni. Kò ní ilẹ̀kùn, tapólì ni òrùlé rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tí oòrùn ti pa, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 60 lọ.

Ìlú Butler ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Lọ́dún 1940, àwọn ológun Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń wá ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó lè gba inú ẹrẹ̀ àti orí àpáta, ọjọ́ 49 péré ni wọ́n sì fún ẹni tó bá fẹ́ gbé àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ wá. Iléeṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Bantam, tí owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ló gbé tirẹ̀ dé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bí ọmọ kọ́ ló tọ́ ọ dàgbà o: nígbà tí iṣẹ́ ńlá dé, Willys àti Ford ni ìjọba gbé e fún, àwọn méjèèjì sì ṣe nǹkan bíi 640,000 kí ogun tó parí ní 1945.

Àwọn bàbá wa kan mọ jíìpù yìí ju bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní ìparí 1943 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1944, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ jagun Bọ́mà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà láàárín wọn, la ọ̀nà kan tó tó máìlì 75 láti Chiringa lọ dé àfonífojì odò Kaladan, nínú igbó, lórí òkè tó dúró ṣánṣán. Ọ̀nà jíìpù ni, torí pé ọkọ̀ mìíràn kò lè gba ibẹ̀. Níbi tí ọ̀nà náà bá sì ti parí, orí ènìyàn ni ẹrù ń bọ́ sí.

Ogun parí, ọkọ̀ ṣẹ́ kù. Ìjọba kò mọ ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe, ni wọ́n bá ń lù wọ́n ní gbàǹjo. Àgbẹ̀ rà á, ó fi ń wọ́ ohun ìtúlẹ̀. Ní Manila, nílẹ̀ Philippines, wọ́n fà á gùn, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ mèremère, ó di ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní jeepney. Ẹni tó bá mọ bọ́lẹ̀kájà á mọ irú ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀. Ní Bírítéènì, iléeṣẹ́ Rover mú ṣáàsì jíìpù kan lọ́dún 1947, wọ́n mọ àpẹẹrẹ ọkọ̀ tiwọn lé e lórí, nígbà tó sì di 1948 wọ́n gbé Land Rover jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam. Àwọn tí kò rí olówó, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n jókòó sí títí igi fi hù gba inú wọn kọjá.

Láti ẹ̀yìn ọgbà yẹn ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n jáde. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ ológun ti dúró ní Bírítéènì láti 1968, òun la mọ̀ sí Military Vehicle Trust lónìí. Ti Amẹ́ríkà, Military Vehicle Preservation Association, dé ní 1976. Eré ọwọ́dilẹ̀ ni fún wọn, kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Lọ́dún 2009, àwọn ti Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ àtijọ́ wọn jọ, wọ́n tọ ipa ọ̀nà tí àwọn ológun gbà lọ́dún 1919 láti Washington dé San Francisco. Ti 1919 gba ọjọ́ 62. Ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Dwight Eisenhower wà nínú ìrìn náà, ó sì dájú pé kò gbàgbé kòtò ojú ọ̀nà ọ̀hún, torí nígbà tó di ààrẹ, òun ló fọwọ́ sí òfin tó la àwọn òpópónà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ogun ló bí ọkọ̀ wọ̀nyí, Ògún ló ni irin ara wọn, ìdógùn-ún ló sì ń jẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kẹta yìí, nítorí pé òun ni olówó iṣẹ́ gan-an. Ẹni tó bá ń tún ọkọ̀ ológun ṣe, ọta ìbọn kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ni.

Irin kò fẹ́ jẹ́ irin. Nínú ilẹ̀ tí a ti wà á, òun àti ọ́síjìn ni wọ́n jọ wà, pupa bí amọ̀, kò sí wàhálà. Iná ìléru ló fi tipátipá yà wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni irin ti ń wá bí yóò ṣe padà sọ́dọ̀ ọ́síjìn, omi sì ni alárinà wọn. Bí ìkán omi kan ṣoṣo bá bà lé ojú irin, ńṣe ni ibẹ̀ máa ń di bátìrì kékeré: apá kan nínú irin náà ń yòrò, ó ń tú iná mànàmáná tí kò tó nǹkan sílẹ̀, apá kejì ń gba iná ọ̀hún fún ọ́síjìn tó wà nínú omi. Ohun tí wọ́n jọ bí ni ìyẹ̀fun pupa tí à ń pè ní ìpáàrà. Iyọ̀ á mú kí iná náà yára rìn nínú omi, ìdí sì nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń sùn létí òkun ní Lẹ́kí fi ń gbó ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Kánò.

Ìpáàrà tún ní ìwà mìíràn tí panẹbítà yòówù mọ̀ bí kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Àyè tó ń gbà ju ti irin tó jẹ lọ, ó lè tó ìlọ́po méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá wọ àárín páànù méjì tí a jó pọ̀, á máa wú, á máa wú, títí yóò fi yà wọ́n nípá bí gbòǹgbò ọdán ṣe ń ya ògiri. Kò dì mọ́ ara irin, ó ń ṣí bí èèpo, abẹ́ rẹ̀ sì tún ṣí sílẹ̀ fún omi mìíràn.

Ṣùgbọ́n alárinà àti ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ pé kí ìgbéyàwó yìí tó ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, nílẹ̀ Estonia, wọ́n fi katapílà ńlá kan wọ́ táǹkì ogun T-34 jáde láti ìsàlẹ̀ adágún Kurtna Matasjärv. Àwọn ará Rọ́ṣíà ló ṣe é, àwọn ará Jámánì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n kun àmì tiwọn sí i lára, nígbà tó sì di 1944 tí wọ́n ń sá padà sẹ́yìn, ó wọ adágún. Ó lé ní ọdún 50 lábẹ́ omi. Ẹ ìbá rò pé ìyẹ̀fun ni wọn yóò kó jáde, ṣùgbọ́n ọkọ̀ odindi ló jáde, àmì tí àwọn ará Jámánì kùn sí i ṣì hàn kedere. Omi wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ọ́síjìn ni kò sí. Koríko àti ewé tó ń jẹrà nísàlẹ̀ adágún náà láti àìmọye ọdún ti lò ó tán pátá.

Ní òdìkejì ayé, inú aṣálẹ̀ Líbíà, ọ́síjìn pọ̀, omi ni kò sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet kan tí àwọn ọmọ ogun Bírítéènì tó ń ṣọ́ aṣálẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà ogun. Wọ́n gbé e jáde ní 1980, ó sì di ti Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi ọkọ̀ yẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni òkun. Táǹkì Sherman kan wà ní Torcross, ní gúúsù Englandi, tí wọ́n fà jáde lábẹ́ òkun lọ́dún 1984. Ó dúró sétí omi báyìí bí ohun ìrántí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ó lé ní 700, tó kú níbi ìdánrawò kan ní oṣù kẹrin ọdún 1944. Wọ́n ti kùn ún ní dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀dà ń ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, àmọ́ iyọ̀ ti wọ inú irin náà lọ, atẹ́gùn òkun sì ń gbé òmíràn bọ̀ lójoojúmọ́.

Ti Land Rover yàtọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ogun, irin wọ́n bí ojú ní Bírítéènì, alumíníọ̀mù ló pọ̀, torí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe bọ́dì rẹ̀, wọ́n sì fi irin ṣe ṣáàsì. Alumíníọ̀mù náà ń fẹ́ ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ìwà tirẹ̀ dára: awọ tó ń yọ sí i lára tín-ín-rín, ó le, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, kò jẹ́ kí ìyókù bàjẹ́. Ìjọ̀ngbọ̀n dé níbi tí alumíníọ̀mù àti irin bá ti fẹnu kora tí omi wà láàárín. Bátìrì ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan, alumíníọ̀mù ló sì ń jẹ gbèsè rẹ̀. Á máa ṣe funfun, á máa bu bí ẹfun. Ẹ lè rí Land Rover tí bọ́dì rẹ̀ ń dán gbinrin, kí ṣáàsì abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà débi pé ọwọ́ lè gbà á kọjá. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti òòlù kékeré, á máa fi kan ṣáàsì, á sì máa fetí sí i. Irin tó yè kooro ń dún bí agogo. Èyí tó ti kú ń dún bí páálí.

Báwo wá ni a ṣe ń lé ìpáàrà kúrò? Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n yanrìn. Fún ara táǹkì tó nípọn bí ọwọ́, kò burú. Fún páànù jíìpù tí kò nípọn tó mìlímítà méjì, ẹni tó ń fọ́n ọn kò gbọdọ̀ ju ọwọ́ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ páànù náà á na, á ká bí ewé tí wọ́n yan, kò sì sí òòlù tó lè dá a padà mọ́.

Èyí tó wù mí jù ni ti oníbátìrì, nítorí pé ọ̀nà tí ìpáàrà gbà wọlé gan-an ló gbà lé e jáde. Ẹ ó pọn omi sínú ike ńlá, ẹ ó da sódà ìfọṣọ sí i. (Ìbátan kán-ún tí à ń sọ sínú ẹ̀wà ni sódà yìí, iṣẹ́ tó ń ṣe níbí ni pé kí iná lè rìn nínú omi.) Ẹ ó gbé irin tó dógùn-ún sínú rẹ̀, ẹ ó so ó mọ́ ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù ṣájà bátìrì. Ẹnu pọ́sítíìfù, irin àlòkù tí ẹ kò nílò mọ́ ni ẹ ó so mọ́ ọn, kí méjèèjì má sì fara kanra. Bí iná bá dé, ara irin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìpáàrà á máa rọ̀, á máa di ohun dúdú tí búrọ́ọ̀ṣì lè gbá kúrò. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ó rí nọ́ńbà àti lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ìgbà ogun. Irin tó ṣẹ́ kù kò dín kù rárá, torí pé a kò fi ohunkóhun ha á.

Àmọ́ ohun tó ń hó yẹn, háídírójìn ni, ó sì ń gbiná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀, kí ẹ sì pa ṣájà kí ẹ tó já okùn. Ẹ má ṣe so irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí olówó ńlá, mọ́ ẹnu pọ́sítíìfù láé. Kúrómíọ̀mù inú rẹ̀ á yòrò, á sì sọ omi náà di májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ. Sípíríǹgì pẹ̀lú, ẹ má ṣe gbé e sí i, háídírójìn lè wọ inú irin líle kí ó sì jẹ́ kó ṣẹ́ lójijì.

Ẹni tí kò bá ní ìkánjú lè lo omi ìrèké dúdú tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò. Ìwọ̀n kan rẹ̀ sí ìwọ̀n mẹ́sàn-án omi, ẹ ri irin bọ̀ ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó ń rùn o, ẹ̀yin aládùúgbò mi, ẹ forí jì wá, ṣùgbọ́n á fọ irin náà mọ́ láìjẹ ẹ́.

Bóòtù tó ti há, iná ni kí ẹ yọ sí nọ́ọ̀tì rẹ̀, kì í ṣe agbára. Nọ́ọ̀tì tó bá gbóná á fẹ̀, á tú ìpáàrà tó dì í mú. Ẹni tó bá fi ìbínú tú u, orí bóòtù á já mọ́ ọn lọ́wọ́, bóòtù náà sì lè jẹ́ èyí tó níye lórí. Mo mọ̀ pé ẹ ó rò pé orí ń yí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: nígbà ogun, Ford tẹ lẹ́tà F sí ara àwọn ohun tí wọ́n ṣe fún jíìpù, títí kan orí bóòtù, kí wọ́n lè mọ tiwọn yàtọ̀ sí ti Willys. Lónìí, àwọn kan wà tí wọn kì í sùn bí bóòtù kan tó ní F kò bá tíì pé lára jíìpù wọn. Wọ́n lè fi ọdún méjì wá a kiri inú ìpàtẹ àlòkù, bí ìyá ìyàwó ṣe ń wá aṣọ òkè tó bá ti àtijọ́ mu.

Ọ̀dà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ wo aṣọ egúngún ilé: wọ́n ń fi tuntun lé e lórí lọ́dọọdún, àmọ́ ti àwọn bàbá kì í kúrò nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà ọkọ̀ ológun rí. Lókè, àwọ̀ búlúù tí àgbẹ̀ kan kùn ún. Lábẹ́ ìyẹn, àwọ̀ ewé àwọn ológun tó rà á lẹ́yìn ogun. Lábẹ́ rẹ̀, ìràwọ̀ funfun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kùn. Nísàlẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà tó kúrò ní iléeṣẹ́ tòun tì í. Ẹni tó bá fi omi sáńpépà wẹ́wẹ́ nù ún díẹ̀díẹ̀, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, á ka ìtàn ọkọ̀ náà bí ẹni ka ìwé. Ẹni tó bá gbé e fún oníyanrìn ti jó ìwé náà kí ó tó kà á. Mo sọ pé omi, nítorí pé òjé pọ̀ nínú ọ̀dà àtijọ́. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, torí náà aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ilé.

Nínú iyàrá ọkọ̀, àwọn aago iwájú awakọ̀ tún wà. Ní ayé ìgbà yẹn, kí ọmọ ogun lè rí wọn lóru láìtan iná, wọ́n máa ń fi ọ̀dà tó ní rédíọ̀mù kọ nọ́ńbà àwọn kan nínú wọn. Ìtànṣán rédíọ̀mù ló ń lu ohun mìíràn nínú ọ̀dà náà tí ìyẹn fi ń tàn. Lónìí, wọn kì í tàn mọ́, ọ̀pọ̀ sì rò pé agbára rẹ̀ ti tán. Ohun tí ń tàn ló ti gbó. Rédíọ̀mù ṣì wà ńbẹ̀ digbí. Ọdún 1,600 ni ìdajì rẹ̀ ń gbà kó tó lọ, nítorí náà nínú ohun tí wọ́n kùn ní 1944, ó lé ní 96 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí gíláàsì bá bò ó, kò sí ewu púpọ̀. Ẹni tó ṣí i láti nu ojú rẹ̀, tí ìyẹ̀fun náà bọ́ sí i nímú, ti gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Bíréèkì náà tún wà. Ìdí bíréèkì àtijọ́, àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ṣe àjà ọ̀pọ̀ ilé wa. Mo ti rí mẹkáníìkì tó ṣí wíìlì, tó gbé ẹnu sún mọ́ ọn, tó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù fùú. Aṣọ tútù ni kí ó fi nù ún, kí ó sì bo imú.

Fọkanáísà wa, tó bá dé ìdí jíìpù, kò ní ṣàjèjì. Ó mọ ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù tó ní òrùka, ó mọ bí òrùka náà ṣe ń fò jáde bí ọta ìbọn, ó ṣeé ṣe kó mọ ẹni tí ó pa. Ríìmù jíìpù ogun náà pín sí méjì, bóòtù ló so wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò lára ara wọn pẹ̀lú agbára tó ju ìwọ̀n jíìpù fúnra rẹ̀ lọ, ọkọ̀ tó wọ̀n tó bíi kìlógíráàmù 1,100. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín nọ́ọ̀tì tó mú wíìlì àti nọ́ọ̀tì tó mú ríìmù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ikú sílẹ̀. Àwọn ológun Bírítéènì máa ń kun ti ríìmù ní pupa. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ yọ fáàfù rẹ̀ pátá, kí ẹ tó mú sípánà.

Ẹ́ńjìnnì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ti jíìpù kò le láti tún ṣe, epo tí kò lágbára ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà bẹntiróòlù òní tó o jù. Kìkì pé níbi tí wọ́n bá ti ń po ọtí mọ́ epo, ọtí náà á máa fa omi mọ́ra, á sì jẹ rọ́bà àtijọ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà kí ẹ tó da epo sí i. Kí ẹ sì wo inú táǹkì epo dáadáa. Lọ́dún 2017, ní Northamptonshire ní Englandi, àwọn kan ń tú táǹkì ogun tó ti Ìráàkì wá. Wọ́n ti rí ọta ìbọn nínú rẹ̀, wọ́n wá ń ya fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣí táǹkì epo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n fi ìbọn pamọ́. Wúrà márùn-ún, ọ̀pá gbọọrọ, ni wọ́n fà jáde. Ọlọ́pàá ló kó wúrà lọ. Ẹ má retí irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí kò tíì tán láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni èyí. Iléeṣẹ́ kan wà ní Philippines tí wọ́n ń ṣe bọ́dì jíìpù tuntun, ó bá ti 1944 mu títí dé ihò bóòtù. Ẹni tó bá lówó lè ra bọ́dì níbẹ̀, kó ra ṣáàsì níbòmíràn, kó wá ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ kan, kó tò wọ́n pọ̀, kó sì wà á lọ síbi ìrántí ogun ní Normandy ní oṣù kẹfà. Jíìpù ni lóòótọ́. Ṣé ó lọ sógun? Àwo nọ́ńbà kékeré tó lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ nìkan ló lọ, ìyẹn bí àwo náà kì í bá ṣe ayédèrú. Èmi ò bá ẹni bẹ́ẹ̀ jà, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fún mi ní páànù àtijọ́ tó ti dógùn-ún níbi mẹ́ta àti tuntun tó ń dán, ti àtijọ́ ni màá ní kí wẹ́dà lẹ̀.

Àwọn tó ń ṣọ́ Chevrolet aṣálẹ̀ yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ jìnnà jù mí lọ. Wọn kò lẹ ohunkóhun, wọn kò kùn ún. Wọ́n fi í sílẹ̀ bí aṣálẹ̀ ṣe fà á lé wọn lọ́wọ́, irin gbígbẹ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ilé ìkóǹkanpamọ́sí àwọn táǹkì ogun ní Bovington, ní Dorset, gba ọ̀nà kejì pẹ̀lú táǹkì Jámánì kan, Tiger 131. Ní oṣù kẹrin ọdún 1943, ní Túníṣíà, ọta àwọn táǹkì Churchill ti Bírítéènì bà á: ọ̀kan gba abẹ́ ọ̀pá ìbọn rẹ̀, ó ta, ó sì há ibi tí orí rẹ̀ fi ń yí. Orí kò yí mọ́, àwọn ará Jámánì tó wà nínú rẹ̀ sá jáde, wọ́n fi í sílẹ̀ láàyè. Ọba George Kẹfà àti Winston Churchill wò ó ní Tunis. Wọ́n gbé e dé Englandi, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tú u wò, ó sì di ti ilé ìkóǹkanpamọ́sí náà ní 1951. Lọ́dún 1990 wọ́n tún un tú, fẹ́rẹ̀ẹ́ dé bóòtù ìgbẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an, wọ́n ti là á sí méjì láyé àtijọ́ kí àwọn ènìyàn lè rí inú rẹ̀, torí náà ẹ́ńjìnnì Tiger Kejì tó wà nílé náà ni wọ́n yọ fún un. Wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìpaná òde òní sí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ́ńjìnnì náà tún kọṣẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n wá ọ̀dà tó bá ti ìgbà rẹ̀ mu, ó sì ṣe sinimá pẹ̀lú Brad Pitt nínú Fury lọ́dún 2014.

Ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn, ọ̀dà tuntun, ẹ̀rọ ìpaná tí Jámánì 1943 kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ibi tí ọta ti ha á, lábẹ́ ọ̀pá ìbọn àti lára orí rẹ̀, ihò náà wà ńbẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà mọ́ ìyókù, wọn kò dí i. Panẹbítà àdúgbò mi ìbá ti fi fílà kún un kí ọ̀sán tó pọ́n.